Bí apá bààlúù bá já lófuurufú, ẹ má dì í ru àyànmọ́ awakọ̀

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ takuntakun tí ẹ ń ṣe láti máa fi èdè wa gbé ìròyìn ayé wá sí ọwọ́ wa. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni ọ̀rọ̀ tí òǹkàwé yín kan sọ lórí bààlúù kékeré kan tó jábọ́ ní òkè òkun, tí apá rẹ̀ kan ti kúrò lára rẹ̀ kó tó fara kan ilẹ̀. Òǹkàwé náà ní ọjọ́ àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló pé, àti pé ẹni tó bá lè gun ohun tó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ sókè ti fọwọ́ ara rẹ̀ kan ilẹ̀kùn sàréè. Mi ò ní bá a jiyàn lórí ọjọ́ ikú, nítorí ọwọ́ Elédùmarè nìyẹn wà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àtúnṣe bààlúù ni mo fi tọ́ ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ dájú pé páànù àti nọ́ọ̀tì kò yan orí kankan láti ọ̀run wá. Bí apá bààlúù bá já lófuurufú, ibì kan wà tó kọ́kọ́ yẹ̀, ìdí kan wà tó fi yẹ̀, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pé ẹnì kan ti rí àmì rẹ̀ ṣáájú.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú bààlúù tí à ń sọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan wà láti ọdún 1982 tó fàyè gba bààlúù tí wọ́n ń pè ní ultralight láti fò láìsí ìwé àṣẹ awakọ̀, láìsí ìwé ẹ̀rí pé ara bààlúù náà pé, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ ẹlẹ́nìkan, tí ìwúwo rẹ̀ lófìfo kò sì tó pọ́n-ùn 254, èyí tí í ṣe nǹkan bíi kílò 115. Ìpele tó ga ju ìyẹn lọ ni ti àwọn elérò méjì. Ọdún 2004 ni Amẹ́ríkà ṣe òfin tiwọn, ó sì ní nígbà náà pé ìwúwo wọn pẹ̀lú èrò àti epo kò gbọdọ̀ ju kílò 600 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àwọn ará Yúróòpù ń kà mọ́ ultralight, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin orílẹ̀-èdè kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí nínú òfin 2004 yìí ni pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe bààlúù ló ń fọwọ́ sí ìwé fúnra rẹ̀ pé bààlúù òun bá ìlànà mu, ìgbìmọ̀ tí àwọn aṣebààlúù wà nínú rẹ̀ ló sì kọ ìlànà náà. Ìjọba kì í jókòó ti ìṣirò agbára apá wọn bí ó ti ń ṣe fún bààlúù ńlá tí à ń wọ̀ lọ sí Abùjá tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Mi ò pe ẹnikẹ́ni ní olè o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹlẹ́kọ kì í kiri kó máa pariwo pé ẹ̀kọ òun ti kan.

Àpẹẹrẹ tí mo mọ̀ dáadáa ni ti bààlúù kan tó ń jẹ́ Zodiac CH 601 XL. Chris Heintz ló ya àwòrán rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹni tó kàn ń fi bààlúù ṣeré: ó wà lára àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ lórí Concorde, bààlúù akérò tó ń sáré ju ohùn lọ, ó sì jẹ́ ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ aṣebààlúù Robin ní ilẹ̀ Faransé kó tó kó lọ sí Kánádà. Páànù alumíníọ̀mù ni ara Zodiac, apá rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ènìyàn méjì ló ń jókòó sínú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹni tó lówó lè ra èyí tí wọ́n ti tò tán. Ẹni tó ní sùúrù a ra ẹ̀yà rẹ̀, a sì máa tò ó díẹ̀díẹ̀ nínú gáréèjì ilé rẹ̀. Bààlúù tó wu ojú ni, àwọn tó ń fò ó sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Ní oṣù Kejì ọdún 2006, ọ̀kan nínú wọn fọ́ lókè nítòsí Oakdale ní ìpínlẹ̀ California. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, òmíràn fọ́ ní Yuba City, ní California kan náà. Ní oṣù Kejì ọdún 2008, ó kan Sípéènì, lẹ́bàá Barcelona. Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, ó kan Polk City ní Florida. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, ó kan Netherlands. Ní oṣù Kẹta ọdún 2009, ó kan erékùṣù Antelope ní Utah. Bààlúù mẹ́fà nìyẹn láàárín ọdún mẹ́ta ó lé díẹ̀, ènìyàn mẹ́wàá ló sì bá a lọ. Nínú gbogbo wọn, ara bààlúù ló kọ́kọ́ fọ́, ilẹ̀ ló wá parí rẹ̀.

Kí ló ń fọ́ ọ? Ní etí ẹ̀yìn apá bààlúù, níhà ṣóńṣó rẹ̀, abala kan wà tó máa ń gbéra sókè tàbí kó rẹlẹ̀ nígbà tí awakọ̀ bá fẹ́ kí bààlúù dẹ̀gbẹ́. Aileron là ń pè é. Nínú ọ̀pọ̀ Zodiac, kò sí ìdè irin tó so aileron mọ́ apá bí a ti ń so ilẹ̀kùn mọ́ férémù. Páànù òkè apá fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ sókè sódò, wáyà irin tó gba inú apá kọjá ló sì ń fà á. Bí wáyà náà bá dẹ̀, aileron ti ní àyè láti mì. Bí eré bá wá pọ̀, afẹ́fẹ́ á gbá a sókè, apá á tẹ̀ lé e, apá á tún sọ ọ́ padà sílẹ̀, ọ̀kan á máa fún èkejì lágbára, títí ìgbọ̀nrìrì náà yóò fi ju ohun tí apá lè gbà lọ. Flutter ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwa òṣìṣẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, ó lè ya apá kúrò lára bààlúù tí ojú kò rí àbùkù kankan lára rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ohun tí wọ́n sábà máa ń fi dènà rẹ̀ kò ju ìwọ̀n irin tàbí òjé díẹ̀ lọ, tí a so síwájú aileron kí ìwúwo ẹ̀yìn rẹ̀ má baà borí. Wọn kò fi irú rẹ̀ sí Zodiac. Àwọn tó ṣe é ní kò nílò rẹ̀, pé bí wáyà bá ti le tó bí ìwé ṣe sọ, kò séwu.

Ìdáhùn yìí ni mi ò lè gbé mì. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan wáyà bààlúù rí mọ̀ pé kì í dúró síbi tí a fi í sí. Ó ń nà bí a ti ń lò ó. Ní àárọ̀ òtútù, alumíníọ̀mù ara bààlúù ń súnkì ju wáyà irin lọ, wáyà á sì dẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. A ní ohun-èlò kékeré kan tí a máa ń fi há wáyà láti wo bí ó ti le tó, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń to bààlúù nínú gáréèjì ló ní in. Ẹlòmíràn á kàn fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, á ní ó dára. Bí ohun kan ṣoṣo tó dá ikú dúró bá jẹ́ wáyà tó ń dẹ̀ fúnra rẹ̀, àti ìka ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ wò, a kò lè sọ pé a ti parí iṣẹ́ lórí bààlúù náà, bó ti wù kí ẹni tó yà á ní ìmọ̀ tó.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2009, àjọ tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ìrìnnà ní Amẹ́ríkà, NTSB, kọ̀wé pàjáwìrì sí FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfuurufú níbẹ̀, pé kí wọ́n má jẹ́ kí Zodiac kankan fò mọ́ títí wọn yóò fi mọ̀ dájú pé flutter kò lè mú un. Netherlands àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dá tiwọn dúró ṣáájú ìyẹn. NTSB kò tilẹ̀ di gbogbo ẹ̀bi lé flutter lórí. Wọ́n ní ọ̀pá ìdarí rẹ̀ fúyẹ́ jù lọ́wọ́: nínú bààlúù tó dára, bí awakọ̀ bá ṣe ń fà á sí i ni ó yẹ kó máa le sí i, kí ọwọ́ rẹ̀ lè kìlọ̀ fún un pé ẹrù tó wà lórí apá ti ń pọ̀; ti Zodiac kì í kìlọ̀ tó bó ti yẹ, pàápàá bí ẹrù bá pọ̀ sẹ́yìn. Wọ́n tún ní aago tó ń sọ bí eré ṣe tó lè tan awakọ̀ jẹ, kó máa sá ju bí apá ṣe lè gbà lọ, kó sì rò pé òun ṣì wà láàárín ààlà.

Ní oṣù Keje, FAA dáhùn pé àwọn kò tíì rí ẹ̀rí tó tó láti dá gbogbo bààlúù náà dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n àwọn ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. NTSB kò sì lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àbá ni òfin ní kó máa dá, kò ní agbára àṣẹ. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún 2009, Zodiac mìíràn tún fọ́ lókè nítòsí Agnos ní ìpínlẹ̀ Arkansas, ó sì tún gba ẹ̀mí. Ọjọ́ kejì gan-an ni ilé-iṣẹ́ tó ń tò ó tà kéde pé kí ẹnikẹ́ni má fò ó mọ́ títí wọn yóò fi tún un ṣe, tí FAA náà sì fi ìkìlọ̀ síta. Ohun tí wọ́n kò rí ṣe láti oṣù Kẹrin, wọ́n rí i ṣe ní ọjọ́ kan péré lẹ́yìn tí òkú tún sùn.

Mo mọ ohun tí ẹni tó bá fẹ́ gbèjà FAA yóò sọ. Yóò ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún Zodiac ló wà lókè tí ohunkóhun kò ṣe. Yóò ní àwọn ènìyàn ti ná owó tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn kó jọ sórí rẹ̀, àti pé àjọ ìjọba kò gbọdọ̀ fi ìfura lásán gba ohun-ìní ọmọlúàbí. Yóò ní ìdí tí wọ́n dárúkọ ti pọ̀ jù: ṣé wáyà ni, ṣé ọ̀pá ìdarí ni, ṣé aago ni, ṣé awakọ̀ tó sáré jù ni? Òótọ́ wà nínú gbogbo rẹ̀, mi ò sì fojú di ẹni tó ń rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n gbé ẹrù ẹ̀rí lé. Wọ́n ní kí bààlúù náà máa fò títí ẹnì kan yóò fi fi hàn pé ó léwu, nígbà tí ó yẹ kí wọ́n ní kó wà nílẹ̀ títí ẹni tó ṣe é yóò fi fi hàn pé kò léwu mọ́. Pé ìdí pọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ èwo ló jẹ́ òótọ́, ìyẹn gan-an ló yẹ kó mú wọn dá a dúró kíákíá. Bí a bá mọ ìdí, a lè tún ibẹ̀ ṣe, kí a máa fò lọ. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n, kí ni awakọ̀ fẹ́ ṣọ́ra fún? Lójú tèmi, Yuba City ló yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ti dúró, nítorí bààlúù kan náà fọ́ lókè lẹ́ẹ̀mejì ní ìpínlẹ̀ kan náà láàárín oṣù mẹ́sàn-án. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní hángà, ilé tí a ti ń tún bààlúù ṣe, rí á sọ fún yín pé ẹ̀ẹ̀kan lè jẹ́ àṣìṣe ẹni tó tò ó, ṣùgbọ́n bó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, ìwé àwòrán là ń ṣí wò.

Nígbà tí FAA sì ṣí i wò tán, kí ni wọ́n rí? Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2010 sọ pé ẹrù tí ilé-iṣẹ́ fi ṣírò agbára apá náà kéré sí èyí tí ìlànà ní kí bààlúù oníkílò 600 lè gbà. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ wáyà nìkan mọ́. Òpó tó ru gbogbo apá náà kò tó. Àtúnṣe tí wọ́n wá ṣe fi alumíníọ̀mù kún òpó apá àti àárín ibi tí apá méjèèjì ti pàdé lábẹ́ ìjókòó, wọ́n sì so ìwọ̀n mọ́ iwájú aileron, ìyẹn ohun tí wọ́n ti ní kò nílò.

Àwọn kan máa ń sọ pé awakọ̀ tó gbọ́n á yọ nínú irú rẹ̀. Steve Wittman, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápákọ̀ òfuurufú Oshkosh ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ àti aṣebààlúù tí Amẹ́ríkà bọ̀wọ̀ fún jù. Ẹni ọdún 91 ni ní oṣù Kẹrin ọdún 1995, nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ gbéra láti Florida nínú bààlúù tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Aṣọ tí wọ́n fi bo apá ṣí kúrò lára pákó, flutter bẹ̀rẹ̀, bààlúù náà sì fọ́ sójú ọ̀run ní Alabama. Kò sí ohun tí ìrírí lè ṣe fún ẹni tí apá bààlúù rẹ̀ ti lọ.

Ohun kan ṣoṣo tó lè ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni párásúùtì ńlá tí wọ́n ń so mọ́ bààlúù fúnra rẹ̀, tí awakọ̀ á fà okùn rẹ̀, tí yóò sì gbé bààlúù àti èrò inú rẹ̀ wálẹ̀ pọ̀. Jámánì ti sọ ọ́ di dandan fún ultralight tiwọn. Amẹ́ríkà fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù. Mo fara mọ́ ti Jámánì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń wúwo, ó sì ń náni lówó, nítorí kílò mélòó kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí ènìyàn.

Ní ti àmì tí mo ní ẹnì kan sábà máa ń rí ṣáájú, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú lásán lè rí. Bí rivet, ìyẹn ìṣó tó so páànù méjì pọ̀, bá ti ń yẹ̀ nínú ihò rẹ̀, alumíníọ̀mù méjèèjì á máa fi ara ha ara wọn, ìyẹ̀fun dúdú á sì yọ yí orí rẹ̀ ká, afẹ́fẹ́ á fà á lọ sẹ́yìn bí ẹni fi èédú fa ìlà. Òṣìṣẹ́ aláìbìkítà á fi àkísà nù ún kí bààlúù lè mọ́ lójú oníbàárà. Ẹni tó mọṣẹ́ kò ní nù ún títí yóò fi mọ ibi tó ti wá. Ní ti àwọn bààlúù aláṣọ, oòrùn ni ọ̀tá wọn: aṣọ náà á ṣì máa dán, ṣùgbọ́n okun inú rẹ̀ ti jẹrà, èyí ló fi jẹ́ pé ńṣe là ń fi òṣùwọ̀n fà á wò, a kì í fi ojú wò ó lásán.

Kí ló kan àwa ará ilé nínú gbogbo èyí? Ó kàn wá, nítorí àwọn ọ̀dọ́ wa kò yéé kan ohun tó ń fò. Ní ọdún 2007, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kánò fi ẹ̀yà ara ọkọ̀ àlòkù kan hẹlikọ́pútà, gbogbo ayé sì gbọ́ nípa rẹ̀. Ní Kpong ní ilẹ̀ Gánà, àwọn ọ̀dọ́bìnrin ti kọ́ bí a ṣe ń to CH 701, bààlúù kékeré mìíràn tí Heintz yìí kan náà yà, lábẹ́ ojú àwọn tó mọ̀ ọ́n. Inú mi dùn sí wọn, ó sì bí mi nínú nígbà tí òǹkàwé yín ní kí ìjọba fòfin de gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba ṣe yàtọ̀ sí ìyẹn. Níhìn-ín bíi ti Amẹ́ríkà, NSIB ló ń ṣèwádìí ìjàǹbá bààlúù, àbá ló sì ń dá. NCAA ló ní àṣẹ láti sọ pé bààlúù kan kò gbọdọ̀ fò. Mo fẹ́ kí a kọ ọ́ sínú ìlànà pé bí NSIB bá kọ̀wé pàjáwìrì pé irú bààlúù kan ń fọ́ lókè, irú bààlúù bẹ́ẹ̀ gbọdọ̀ wà nílẹ̀ láti ọjọ́ náà, bí NCAA bá sì fẹ́ tú u sílẹ̀, kí ó fi ìdí rẹ̀ hàn ní gbangba, kí ọ̀gá kan sì fi orúkọ ara rẹ̀ fọwọ́ sí i.

Ní ti ẹ̀yin oníwèé ìròyìn, bí irú ìròyìn yìí bá tún dé ọ́fíìsì yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí akọ̀ròyìn yín béèrè orúkọ bààlúù náà ní kíkún àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Kí ó béèrè bí ibi tí wọ́n ti rí apá rẹ̀ ṣe jìnnà sí ibi tí ìyókù ṣubú sí, nítorí èyí ló ń sọ bóyá òkè ló ti fọ́. Kí ó sì wò ó bóyá irú rẹ̀ ti fọ́ bẹ́ẹ̀ rí níbòmíràn. Bí ó bá ti fọ́ bẹ́ẹ̀ rí, ẹ kọ orúkọ àjọ tó ní agbára láti dá a dúró, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí wọ́n ti gbọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́ àtúnṣe bààlúù tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkẹjà, Èkó.